Àrá Ni Gbogbo Wọn Dá Lẹ́bi: Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Jó Nílé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kan Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà òjò àkọ́rọ̀, ṣọ́ọ̀bù àwa oníṣẹ́ iná ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gbòfo. Bí ìjì bá jà wọ̀lú lálẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, wọ́n á ti máa gbé tẹlifíṣọ̀n, dékódà, sitabiláísà àti ìnfátà bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Àrá ló bà á jẹ́." A kì í sábà bá wọn jiyàn, torí oníbàárà kò wá gba ẹ̀kọ́, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ló wá gbà. Ṣùgbọ́n ilé kan wà ládùúgbò Sábó tí mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣọṣẹ́ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan péré nínú wọn sì ni àrá jẹ̀bi. Ẹni tó bá ra ohun ìdènà àrá nìkan fún irú ilé bẹ́ẹ̀ á tún pàdánù nǹkan bí ọdún bá yí po.

Ilé náà

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni. Màmá onílé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń gbé òkè. Nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù méjì kọjú sí títì. Ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín, ó sì ní fíríísà ńlá mẹ́ta. Ìkejì jẹ́ ti aránṣọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ló gba yàrá ẹ̀yìn. Fésì mẹ́ta ló ti orí òpó wọ ilé náà. Ẹni tó fa wáyà rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ fún Màmá ní fésì pupa, ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti aránṣọ ní yẹ́lò, ó wá yọ̀ǹda búlúù fún ẹlẹ́ja nìkan nítorí fíríísà rẹ̀. Niútírà, ìyẹn wáyà tí iná fésì ń gbà padà sórí òpó, kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa padà dé.

Ìlú máńgòrò nìlú wa, ilé Màmá náà sì ní tirẹ̀. Igi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì ti gùn dé orí wáyà tó ti òpó wọlé, ó gbé ara lé e. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé, ó ga ju òrùlé lọ dáadáa.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Bí wọ́n ṣe rò ó fún mi nìyí. Oṣù Kẹrin ni. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, eruku bo gbogbo àdúgbò, NEPA sì mú iná lọ lójú ẹsẹ̀. (Láti 2005 ni orúkọ NEPA ti kúrò lórí ìwé, kò tíì kúrò lẹ́nu wa.) Màmá yọ púlọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n àti ti fíríìjì lára ògiri. Dékódà àti họ́ọ̀mù tíátà ń jẹun lára extension kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dé ibẹ̀, ó bá fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Iná ò ṣáà sí, kí ló fẹ́ bà á jẹ́?"

Mànàmáná ń kọ, àrá ń sán lókèèrè. Lójijì, ọ̀kan sán tí gbogbo ilé mì, ìmọ́lẹ̀ àti ìró rẹ̀ sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró máa ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó rin kìlómítà kan, nítorí náà bí kò bá sí àlàfo rárá láàrin méjèèjì, a jẹ́ pé ìdí ilé yín gan-an ni. Ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé ló bà. Imọ̀ rẹ̀ jó, ara rẹ̀ là láti òkè dé ìdí. Ògiri ilé kò ní àpá kankan, òrùlé náà kò ní.

Òjò rọ̀ títí, ó dá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, iná dé, àwọn ọmọ hó "Up NEPA!" bí ìṣe wọn. Ariwo yẹn kò tíì rọlẹ̀ tí òmíràn fi bẹ̀rẹ̀. Lókè, gúlóòbù mọ́lẹ̀ débi pé ojú kò gbà á, fáànù ń sáré kọjá agbára rẹ̀. Màmá ti ki púlọ́ọ̀gì fíríìjì padà sára sitabiláísà. Kò pẹ́ tí èéfín fi ń rú lára sitabiláísà náà. Lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gúlóòbù fọ́, ṣájà kọ̀ǹpútà méjì bú gbàù. Gúlóòbù iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà lọ.

Ẹlẹ́ja, tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, rí òdìkejì. Gúlóòbù tirẹ̀ ń pọ́n lásán, fíríísà ń kùn, kò lè gbéra. Ó jáde síta, ó ń pariwo pé "Lo kọ́ọ̀rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá o!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé hái kọ́ọ̀rẹ́ǹtì ni. Ilé kan náà, òpó kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ló gbọ́n, ó sáré lọ pa súwíìṣì ńlá. Ẹlẹ́ja náà yọ gbogbo fíríísà rẹ̀, ohun tó kó wọn yọ nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kékeré kí òun lè gbọ́ ìròyìn. Tẹlifíṣọ̀n tàn, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ dékódà. Dékódà ti kú pátápátá, họ́ọ̀mù tíátà náà ti kú.

Bàbá àgbà kan ládùúgbò wá wo ọ̀pẹ náà, ó ní kí Màmá ránṣẹ́ sí àwọn mọ́gbà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìtòsí Ọ̀yọ́ la wà. Ta ni kò mọ̀ pé láyé àtijọ́, ilé tí àrá bá jà, àwọn oníṣàngó ló máa kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n á wú ẹdùn àrá, onílé á sì san ohun tí wọ́n bá bù fún un? Ìyá ìjọ ni Màmá nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, ó wá ní kí wọ́n fóònù oníṣẹ́ iná fún òun.

Inú nǹkan tó jó

Mo kí Màmá tán, mo ní kí ẹnikẹ́ni má tíì tan súwíìṣì ńlá. Mo kó gbogbo ohun tó ti kú jọ sórí tábìlì pálọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fo ibí yìí. Wọ́n á pààrọ̀ fúùsì, wọ́n á pààrọ̀ pátákó, wọ́n á gbowó, wọ́n á lọ. Èmi gbà pé nǹkan tó jó máa ń sọ ohun tó jó o, bí a bá fara balẹ̀ wò ó.

Ṣájà kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ là. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ gbangba pé 100–240V ló lè gbà. Kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, agolo kékeré tó ń tọ́jú iná, tí wọ́n kọ 400V sí lára, ti ya lórí, ìwé tútù inú rẹ̀ ti tú síta, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni MOV wà, ègé rìbìtì aláwọ̀ búlúù tí kò tó owó kọ́bọ̀, tó wà láti gba iná tó bá ga lójijì, òun náà ti sán sí méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ dú. Fúùsì ti fọ́n èéfín dúdú sára gíláàsì ara rẹ̀. Apá tó ń fi iná ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kò ní ọgbẹ́ kankan.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Iná ilé wa jẹ́ 230 fólítì, ṣùgbọ́n góńgó rẹ̀ máa ń jẹ́ ìlọ́po 1.41 iye tí à ń pè é, góńgó yẹn ni kapásítọ̀ sì máa ń rù. Ní 230, kapásítọ̀ ru 325. Ẹni tó lè ru 400 á gbé e tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí iná ògiri bá wá di 370, ẹrù náà á lé ní 520. Kò sí kapásítọ̀ oní-400 tó máa gba ìyẹn pẹ́.

Àrá kì í pa nǹkan báyìí. Iná àrá tó bá gba wáyà wọlé lè ga dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, àmọ́ ó ti kọjá kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í ráyè se kapásítọ̀ títí tí yóò fi wú. Ohun tó bá wú, tó rùn, tó yọ́, iná tó ga tó sì dúró ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni sitabiláísà Màmá rí: gbogbo wáyà tó wé mọ́ irin àárín rẹ̀ ti di dúdú, kíkùn ara wáyà náà ti ń ṣí bọ́.

Dékódà ní tirẹ̀ kò rùn rárá. Ẹnu ibi tí iná ń gbà wọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Níbi tí wọ́n ti ń ki kébù díìṣì bọ̀ ọ́ ni mo ti rí àmì: ìlà bàbà kan ti ṣí kúrò lára pátákó, eérú tín-ín-rín wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ṣíìpù kékeré kan tó tẹ̀ lé e sì ti ní ihò láàrin. Ó dá mi lójú pé iṣẹ́ àrá nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n wá fi èyí tó kù hàn. Pátákó tó ń fún un níná kò ní àléébù kankan, HDMI (ojú ihò kébù àwòrán) kejì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, HDMI kìíní tó so ó pọ̀ mọ́ dékódà nìkan ló ti kú.

Màmá kò gbà. Ó ní, "Ẹnjiníà, ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ ọ́ lára iná."

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ṣùgbọ́n ara iná nìkan ló ti yọ ọ́. Díìṣì wà lórí òpó irin lókè òrùlé, kébù rẹ̀ wọ dékódà, dékódà fi HDMI mú tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n fi wáyà ohùn mú họ́ọ̀mù tíátà, họ́ọ̀mù tíátà sì wà lára extension, èyí tó wà lára wáyà ilé. Ọ̀nà kan gbọọrọ ni láti orí òrùlé títí wọ inú ògiri, tẹlifíṣọ̀n sì jókòó sáàrin rẹ̀. Pé NEPA ti mú iná lọ kò ní ohun tó fi ṣe: wáyà ṣì wà níbẹ̀, àrá ló gbé iná tirẹ̀ wá.

Kò sì pọn dandan kó ba díìṣì. Iná tó bá gba inú àrá kan lọ sílẹ̀ sábà máa ń tó 30,000 áńpù, nígbà tí gbogbo ohun tó wà nílé Màmá kò lè jẹ 20 tán lẹ́ẹ̀kan. Bí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá sáré gba inú ọ̀pẹ kọjá, gbogbo wáyà gígùn tó wà nítòsí ni iná máa sọ nínú wọn láìfarakàn. Bí kébù bá ṣe gùn tó ni tirẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

Èèkàn tó fà tu

Ó wá ku ẹni tó gbé iná ga. Mo ní kí àwọn ayálégbé yọ gbogbo nǹkan wọn, mo so gúlóòbù àdánwò mi mọ́ fésì pupa àti yẹ́lò, mo yá áyọ́ọ̀nù aránṣọ, mo so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ja, mo wá tan súwíìṣì ńlá. Láàrin fésì sí fésì, nǹkan bí 400 ni mítà mi ń kà, bó ṣe yẹ. Láàrin fésì sí niútírà lọ̀rọ̀ wà: pupa 375, yẹ́lò 370, búlúù 31. Áyọ́ọ̀nù náà kò lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ pàápàá. Mo pa iná, mo bọ́ síta, mo gbójú sókè wo òpó.

Ẹ fojú inú wo okùn mẹ́ta tí a so pọ̀ sára èèkàn kan láàrin, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan di etí kan mú, tí kálukú sì ń fà. Níwọ̀n ìgbà tí èèkàn bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí ẹnì kan lágbára, bí ẹnì kan jẹ́ ọ̀lẹ, okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gùn dọ́gba. Èèkàn yẹn ni niútírà. Bó bá fà tu, ẹni tó ń fà jù á wọ́ kókó okùn náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, okùn tirẹ̀ á kúrú, ti àwọn méjì yòókù á gùn.

Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́ja fi ní lo kọ́ọ̀rẹ́ǹtì. Fíríísà mẹ́ta ń fà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà iná rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Màmá tó tan gúlóòbù méjì àti fáànù kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fi ṣájà sí kọ̀ǹpútà, àwọn tí kò lo nǹkan púpọ̀, àwọn ni iná yìnbọn fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó ń lo nǹkan jù ni nǹkan rẹ̀ máa jó. Bí niútírà bá já, òdìkejì rẹ̀ gan-an ló máa ń ṣẹlẹ̀. Iná tó lọ sílẹ̀ kì í sì í ṣe àánú o: ẹ̀rọ fíríísà tó bá ń kùn láìgbéra ń se ara rẹ̀ ni, bí ẹni tó ni ín kò bá tètè yọ ọ́, ó máa jó.

Bí ẹ bá rí i nílé yín pé iná yàrá kan mọ́ rekete nígbà tí ti aládùúgbò yín ń pọ́n, tàbí tí gúlóòbù ń mọ́ sí i nígbà tí ẹnì kan tan áyọ́ọ̀nù ní yàrá mìíràn, ẹ má dúró wo ohun tó máa kú. Ẹ pa súwíìṣì ńlá.

Lórí òpó, niútírà ilé náà kò ní ìdè gidi kankan. Ẹni tó so ó ti fi ọwọ́ yí wáyà bàbà mọ́ ti alumíníọ̀mù, ó sì sọ̀kalẹ̀. Bàbà àti alumíníọ̀mù kì í bára wọn gbé nínú òjò: ojú ìdè á máa jẹra díẹ̀díẹ̀, á máa gbóná, títí tí kò fi ní sí ohun tó dì í mú mọ́. Ẹ̀ka máńgòrò tí atẹ́gùn ń jù sọ́tùn-ún jù sósì lálẹ́ ọjọ́ náà ló parí iṣẹ́ tí ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀.

Orí òpó kì í ṣe tèmi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá nígbà tí ó ní òun mọ ọmọ kan ládùúgbò tó lè gùn ún. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná ló ni ín, àwọn náà ló sì padà wá, lẹ́yìn ìpè lórí ìpè. Wọ́n gé ẹ̀ka máńgòrò náà, wọ́n fi kònẹ́tọ̀ gidi tí wọ́n ṣe fún bàbà àti alumíníọ̀mù dì í. Mo tún wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó kó àkàbà wọn: fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàrin 225 sí 235.

Ohun tí a ṣe sínú ilé

Mo bi Màmá níbi tí ẹ́ẹ̀tì ilé wà, ìyẹn ọ̀pá irin tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ láti darí iná sínú ilẹ̀. Ó nawọ́ sí igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìńtálọ́ọ̀kù ni mo bá níbẹ̀. A ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀, a wa ilẹ̀, a kan orí ọ̀pá náà. Wáyà tó yẹ kó so ó mọ́ ilé ti gé, àpá ṣọ́bìrì sì hàn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn bíríkìlà tó tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kù ti gé e, wọ́n da iyanrìn bò ó, wọ́n gbowó wọn. Láti ìgbà náà ni ilé ti wà láìní ẹ́ẹ̀tì, iná ń tàn, kò sẹ́ni tó fura. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì nìyẹn: bí kò bá sí, gúlóòbù ò ní kú.

Yangí ni ilẹ̀ wa, àpáta kò sì jìnnà sísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Lójú ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń gbẹ hán-ún. Ọ̀pá kan kò lè tó. A gbá ọ̀pá onímítà 1.2 mẹ́ta mọ́lẹ̀, a jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra ju gígùn ọ̀pá kan lọ, a fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀. Ọmọṣẹ́ mi ti gbé iyọ̀ wá, nítorí iyọ̀ àti èédú ni àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa ń dà sí i. Iyọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún sáà kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò á fọ̀ ọ́ lọ, èyí tó bá kù á máa jẹ ọ̀pá. Mo ní kó gbé e padà fún ìyá rẹ̀ nílé ìdáná. Nígbà tí a wọn bí ilẹ̀ náà ṣe ń dènà iná tó, kò tó 10 óòmù, ìwọ̀n tí wọ́n máa ń béèrè fún iṣẹ́ àrá.

Lẹ́yìn èyí ni SPD, ohun ìdènà iná àrá tí wọ́n ń fi sínú ilé, ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò. Type 2 onífésì mẹ́ta la fi sínú àpótí bíréékà. MOV kan náà tó wà nínú ṣájà ló wà nínú rẹ̀, ó kàn tóbi púpọ̀ ni: bí iná bá wà níwọ̀n, ó jókòó jẹ́ẹ́, bó bá ga lójijì, ó ṣílẹ̀kùn sí ẹ́ẹ̀tì fún un, ó sì tún ti ìlẹ̀kùn náà. Bí kò bá sí ẹ́ẹ̀tì, ibo ló fẹ́ darí rẹ̀ sí? Mo rí i nínú ilé tó pọ̀, SPD olówó ńlá lára ògiri, wáyà àwọ̀ ewé rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Wáyà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gùn. Láti ara bíréékà dé ara rẹ̀, àti láti ara rẹ̀ dé ẹ́ẹ̀tì, kí àpapọ̀ rẹ̀ má ju ìdajì mítà lọ, torí wáyà gígùn á dá iná àrá dúró lójú ọ̀nà, á sì dá a padà sínú ilé. Mo yan èyí tí wọ́n kọ 385V sí, ìyẹn fólítì tó lè rù pẹ́ láìjó, mo fi 275V sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Níbi tí niútírà ti lè já nígbàkigbà, 275 á ti jó kí àrá tó dé.

SPD kì í wo ìṣòro niútírà. Fún ìyẹn, gáàdì fólítì ni, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú àpótí bíréékà lẹ́yìn mítà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo tò ó kó gé iná bó bá kọjá 260 tàbí bí kò bá tó 180, kó sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dá a padà, kí ẹ̀rọ fíríìjì lè simi. Bí mo bá ní owó ohun kan ṣoṣo, gáàdì yìí ni màá kọ́kọ́ rà nílùú yìí. Àrá máa ń bà sítòsí ilé kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; ìdè búburú orí òpó wà níbi gbogbo.

Òpó díìṣì la fi parí rẹ̀. A fa wáyà láti ara rẹ̀ wá sára ẹ́ẹ̀tì ilé kan náà, a sì fi arrester kébù, ohun tó ń darí iná àrá inú kébù lọ sí ẹ́ẹ̀tì, síbi tí kébù ti ń wọlé. Ọmọṣẹ́ mi fẹ́ gbá ọ̀pá tuntun fún díìṣì nìkan nítorí ó sún mọ́ ọn. Mo kọ̀. Bí ẹ́ẹ̀tì bá di méjì tí wọn kò so pọ̀, lọ́jọ́ tí àrá bá bà sítòsí, fólítì wọn á yàtọ̀, ìyàtọ̀ yẹn á sì gba inú dékódà kọjá.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí

Màmá ní, "Ṣé sitabiláísà mi tó tóbi tó yẹn kò tó ni?" Mo ní Màmá, sitabiláísà wà fún iná tó ń lọ sókè sódò díẹ̀. Kí ó tó yí ara rẹ̀ padà, àrá ti wọlé ti jáde. Ní 375, òun gan-an ló kọ́kọ́ kú. Ó gba ikú fíríìjì yẹn kú ni, fíríìjì ṣì ń tutù dòní.

Bíréékà ńkọ́? Wáyà ni bíréékà ń ṣọ́, kó má gbóná jó ilé nítorí ẹrù tó pọ̀ jù. Fólítì tó ga kò kàn án.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà béèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá, extension tí wọ́n kọ 'surge' sí lára ńkọ́?" Mo ní kó gbé tirẹ̀ wá. A tú u: gúlóòbù pupa kékeré, súwíìṣì, bàbà pẹlẹbẹ mẹ́ta, ó tán. Kò sí MOV kankan nínú rẹ̀. Èyí tó dára wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn SPD ló yẹ kó wà, kò lè gba ipò rẹ̀.

Ẹlẹ́ja ní súwíìṣì ara ògiri ni òun máa ń pa ní tòun bí òjò bá ṣú. Súwíìṣì yẹn, fésì nìkan ló ń gé, niútírà ṣì wà lójú ọ̀nà. Àlàfo inú rẹ̀ kò sì ju mìlímítà díẹ̀ lọ, níwájú ohun tó ti ojú sánmà fò débí. Púlọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ yọ, pẹ̀lú kébù díìṣì, pẹ̀lú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bó bá wà. Ìgbà tí ojú ọjọ́ bá ń ṣú ni kẹ́ ẹ yọ ọ́. Bí àrá bá ti ń sán lórí yín, ẹ fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ẹ má di púlọ́ọ̀gì mú, ẹ má sì wẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ dúró.

Wọ́n tún béèrè ọ̀pá irin orí òrùlé, irú èyí tí Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti nǹkan bí 1750. Ó dára fún ṣọ́ọ̀ṣì olórí ṣóńṣó àti òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Kí òrùlé má bàa jóná ló wà fún. Bí SPD kò bá sí nínú ilé, tẹlifíṣọ̀n lè kú lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí nǹkan dé

HDMI kejì ni Màmá ń lò báyìí, n kò gbowó kankan lórí tẹlifíṣọ̀n náà. Ó ra dékódà tuntun. Họ́ọ̀mù tíátà kò ṣeé tún ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ra ṣájà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàn. Ti èkejì kò tàn, pátákó inú rẹ̀ ti bá a lọ. Màmá kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná, ó fi fọ́tò ìdè orí òpó àti ti àwọn nǹkan tó jó sínú rẹ̀. Wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tirẹ̀ pé àwọn gbà á. Wọn kò tíì fèsì.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, àrá tún jà ládùúgbò náà. Ojú fèrèsé kan lára SPD kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di pupa. Mo fa ègé yẹn yọ, mo fi òmíràn síbẹ̀, iṣẹ́ tí kò gba àkókò ni. Gáàdì ẹlẹ́ja ti gé iná rẹ̀ láìmọye ìgbà nítorí fólítì tó lọ sílẹ̀, ó sì ti pè mí láti bú mi pé mo fi nǹkan tó ń mú iná lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun. Ó bú mi, ṣùgbọ́n kò ní kí n wá yọ ọ́.

Aránṣọ nìkan ni kò tíì ṣe tirẹ̀. Fésì kan náà lòun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń lò, ṣùgbọ́n mítà wọn yàtọ̀, gáàdì wọn kò sì lè ṣọ́ ọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra maṣíìnì oníná tuntun tó ní ojú kọ̀ǹpútà. Mo tún bá a sọ ọ́ nígbà tí mo lọ pààrọ̀ ègé SPD. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n gba owó aṣọ ẹbí tó wà nílẹ̀ yìí ná."